Ìgníṣọ̀n Camry Òróbó mi ń di kọ́kọ́rọ́ mú: ṣé kí n jẹ́ kí rewáyà gbé bọ́tìnnì sí i?

Ìyá Aláṣọ
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá. Camry Òróbó 1994 ni mo ń lò, òun ni mo fi ń kó aṣọ láti Gbági. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ìgníṣọ̀n rẹ̀ ti ń yọ mí lẹ́nu. Bí mo bá ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, kò ní yí. Màá mì í, màá fà á síta díẹ̀, màá tún tì í, kó tó gbà. Ìgbà míì ẹ̀wẹ̀, mọ́tò á máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, màá sì fa kọ́kọ́rọ́ yọ bí ẹni fa abẹ́rẹ́ yọ lára aṣọ. Lánàá, níwájú báńkì, ó kọ̀ jálẹ̀ nínú oòrùn, àfìgbà tí ọmọkùnrin kan bá mi yí i.

Rewáyà àdúgbò wa ní ká fa gbogbo rẹ̀ jáde, kí òun gbé bọ́tìnnì sí i, kí n máa tẹ̀ ẹ́ bíi tàwọn ọkọ̀ ayé òde òní. Ọkọ mi ní kí n gbà. Ọkàn tèmi ò gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Àkànní Ẹlẹ́kọ̀ọ́
Ẹ gbé bọ́tìnnì sí i jàre, Màmá. Mo gbé e sí Golf mi, wàhálà kọ́kọ́rọ́ ti tán nílé mi.

Rewáyà Mọ́kọ́lá
Màmá, ẹ má gbà o. Rewáyà lèmi náà, owó sì ni iṣẹ́ bọ́tìnnì lápò mi, àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó wà ńbẹ̀. Irin kan wà nínú ìgníṣọ̀n yẹn tó máa ń yọ jáde lọ dí sítíárìn mú nígbà tí ẹ bá pa mọ́tò tí ẹ sì fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Bí kọ́kọ́rọ́ ò bá sí mọ́, a gbọ́dọ̀ ṣẹ́ irin yẹn dànù. Ẹni tí kò bá ṣẹ́ ẹ kanlẹ̀ ń fi ẹ̀mí oní-mọ́tò ta tẹ́tẹ́, torí ó lè yọ jáde lórí eré. Ẹ tún wo iná tó ń gba ẹ̀yìn ìgníṣọ̀n kọjá, kò kéré. Ẹlòmíì á kàn so wáyà mọ́ wáyà, kò sí fíúsì, kò sí rìléè tó máa gba iná ńlá náà dúró fún bọ́tìnnì, ìgbà tí ẹ bá gbóòórùn rọ́bà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ tó máa mọ̀. Olè ńkọ́? Bọ́tìnnì ò mọ ẹni tó ni mọ́tò.

Ẹ dá mi lóhùn ná: ṣé kọ́kọ́rọ́ tó bá mọ́tò wá láti òkè òkun lẹ ń lò, àbí wọ́n gé e níbí? Ẹ tún lọ fi ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì, èyí téèyàn kì í sábà ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀.

Ìyá Aláṣọ
Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá mi. Wọ́n gé e níbí ni. Ẹni tó ta mọ́tò fún wa ní ojúlówó ti sọnù. Ilẹ̀kùn dírẹ́bà ń ṣí, tipátipá ni. Ti ẹ̀gbẹ́ kejì, ó wọlé, àmọ́ kò yí rárá.

Rewáyà Mọ́kọ́lá
Ó ti yé mi. Kọ́kọ́rọ́ yín ló kọ́kọ́ jẹ. Àwọn bàbà pẹlẹbẹ kéékèèké wà nínú ojú ìgníṣọ̀n, ìyẹn ibi tí ẹ ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú sípíríǹgì tirẹ̀. Eyín kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé wọn dé ibi tó yẹ kí kálukú dúró sí, ìgbà tí gbogbo wọn bá tò déédéé ló tó yí. Eyín tó ti jẹ ò lè gbé wọn débẹ̀ mọ́. Ìgníṣọ̀n àti ilẹ̀kùn yín ti ń jẹ bá a lọ, ni wọ́n ṣe ṣì ń gbà fún un. Ilẹ̀kùn kejì ò tíì jẹ, ìwọ̀n ilé iṣẹ́ ló ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì lé àlejò.

Ẹ má ní kí wọ́n gé ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ yìí o, jíjẹ ara rẹ̀ ni wọ́n máa gé mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú àgádágodo ilẹ̀kùn kejì, kí agékọ́kọ́rọ́ tó mọṣẹ́ ka ìwọ̀n bàbà inú rẹ̀, kó fi gé tuntun.

Bísí Ajé
Èmi fọ́n epo WD-40 inú agolo sí tèmi, ó sì yí wẹ́rẹ́.

Rewáyà Mọ́kọ́lá
Àǹtí, ó máa ń fọ ìdọ̀tí kúrò lóòótọ́. Àmọ́ epo inú rẹ̀ máa ń di eruku mú tó bá yá. Ìyẹ̀fun lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù ló dáa jù fún ojú kọ́kọ́rọ́.

Ẹ̀gbọ́n Houston
Màmá, kọ́kọ́rọ́ mélòó ló so mọ́ ti mọ́tò yẹn? Ẹ yọ ti ṣọ́ọ̀bù, ti géètì àti ti ilé kúrò. Lọ́dún 2014, ilé iṣẹ́ mọ́tò GM pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 2 padà níbí, Chevrolet Cobalt wà nínú wọn, torí ìgníṣọ̀n wọn rọ̀ jù. Ẹrù tó so mọ́ kọ́kọ́rọ́ lè fà á kúrò ní ipò rẹ̀ lórí eré, ẹ́ńjìnnì á kú, àpò atẹ́gùn (airbag) ò sì ní yọ. Àléébù tiwọn yàtọ̀ sí tiyín, àmọ́ ẹrù wíwúwo ò dáa fún ìgníṣọ̀n kankan.

Mẹkáníìkì Gate
Rewáyà ti sọ ọ́ tán, ẹ jẹ́ n fi ìkan sí i. Bí kọ́kọ́rọ́ tuntun bá ṣì ń há, ẹ tètè tú ojú ìgníṣọ̀n nígbà tó ṣì ń yí. A máa yí i dé ACC, ipò tí rédíò ti ń ṣiṣẹ́ kí mọ́tò tó tan, a ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ pínnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú náà á sì yọ lódindi. Bí kò bá yí mọ́ rárá, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu irin ló kù, ìyẹn sì lówó lórí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fáìlì rẹ́ bàbà wọ̀nyẹn pẹrẹsẹ. Á yí wẹ́rẹ́ lóòótọ́, àmọ́ sukudíráífà náà á máa yí i.

Àkànní Ẹlẹ́kọ̀ọ́
Honda mi ti 2003 ńkọ́, tó ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Mẹkáníìkì Gate
Ìyẹn ní ṣíìpù nínú orí kọ́kọ́rọ́. Gígé nìkan ò tó, wọ́n gbọ́dọ̀ fi kọ̀ǹpútà so ó mọ́ mọ́tò. Àánú ń ṣe mí fún Golf yẹn o, bọ̀dá.

Ìyá Aláṣọ
Ẹ kú àdúrótì o. Wọ́n ti ka ìwọ̀n ilẹ̀kùn kejì, wọ́n gé tuntun, ó sì ṣí i wọ́ọ́. Ti ìgníṣọ̀n sàn, àmọ́ ó ṣì ń há láàárọ̀. Wọ́n wá tú ojú rẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Bàbà méjì ló ti jẹ, wọ́n yọ irú rẹ̀ lára ìgníṣọ̀n tòkunbọ̀ fi dípò. Kọ́kọ́rọ́ ò yọ mọ́ nígbà tí mọ́tò ń ṣiṣẹ́. Owó gbogbo rẹ̀ ò tó ti bọ́tìnnì. Ṣé kí n ju ti àtijọ́ dànù?

Rewáyà Mọ́kọ́lá
Ẹ jù ú nù, kí ẹnikẹ́ni má lọ gé ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ gé ẹ̀dà kan lára tuntun yìí kíákíá, ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ máa lò. Ẹ gbé tuntun fúnra rẹ̀ pamọ́ sílé. Bí ẹ̀dà bá jẹ, òun lẹ máa fi gé òmíràn.