Kí lojú yín rí nígbà tí ẹ ń mú dátà sẹ́ńtà gbòòrò? Ẹ wá sọ tiyín

Alámòójútó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ṣèlérí lọ́jọ́sí pé màá sọ bí a ṣe mú dátà sẹ́ńtà agbègbè wa, ilé tí a ń kó àwọn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ìsọfúnni àwọn oníbàárà sí, gbòòrò, mi ò sì ní torí ìtìjú fi nǹkan kan pa mọ́: odindi oṣù méje la fi ń wá owó láti ra ohun tí a ò nílò.

Ràákì 24, ìyẹn àwọn àpótí gíga tí a ń to kọ̀ǹpútà sí, la ní, gbogbo wọn ti kún. Àwọn oníbàárà ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ohun tí a máa rà sílẹ̀, ohun tí mo sì kọ́kọ́ kọ ni ẹ̀rọ amúlétutù ńlá méjì sí i, torí yàrá yẹn ń gbóná. Ẹni tó bá dé ẹ̀yìn ràákì tó wà lápá òsì, òógùn á bò ó. Kó tún bọ́ síwájú ràákì kejì, á máa wá ẹ̀wù òtútù kiri. Ojoojúmọ́ là ń rí i, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó béèrè pé báwo ni yàrá kan ṣoṣo ṣe ń gbóná tó tún ń tutù lẹ́ẹ̀kan náà.

Iná ló dá wa dúró. Àwọn tó ń fún wa ní mànàmáná ní ohun tí à ń gbà kò lè lé sí i láìjẹ́ pé àwọn pààrọ̀ tiransifọ́mà, ìyẹn á sì gba ọdún méjì. Tí a bá wá gbé ẹ̀rọ amúlétutù méjì wọlé, iná tó yẹ kó lọ sọ́dọ̀ sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà inú ràákì, làwọn yẹn máa jẹ tán. Ni mo bá gbé mítà kan sí ibi tí iná ti ń wọ ilé, mo gbé òmíràn sí ibi tó ti ń kúrò lára UPS (ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń gbé iná ró nígbà tí iná ìta bá lọ) lọ sí ràákì. Gbogbo ohun tó ń wọlé jẹ́ kílówáàtì 190. Ti sáfà jẹ́ 95 péré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ PUE, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, The Green Grid, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń wá bí dátà sẹ́ńtà ṣe máa lo iná dáadáa, ló gbé òdiwọ̀n náà jáde ní 2007: ẹ fi iye iná tí àwọn kọ̀ǹpútà ń jẹ pín gbogbo iná tó ń wọ ilé. Bó bá jẹ́ 1.0, kò sí èyí tó ń ṣòfò. Google ń pe tiwọn ní nǹkan bíi 1.10. Tiwa jẹ́ 2.0 gééré, èmi náà ni mo sì ń kọ̀wé béèrè ẹ̀rọ amúlétutù sí i!

Ọmọdé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ló là wá lójú. Ó fi téèpù lẹ ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan síwájú ràákì, níbi tí kò sí sáfà. Ibi tí sáfà ti ń fa atẹ́gùn tútù ni iwájú, nítorí náà a retí pé ìwé náà á lẹ̀ mọ́ inú. Ìwé ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo fọwọ́ kan ibẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Atẹ́gùn gbígbóná tí sáfà ti tì síta lẹ́yìn ló ń gba àyè tó ṣófo láàárín ràákì padà wá síwájú, sáfà tún ń fà á mu. Nísàlẹ̀, àwọn ihò tí wáyà gbà yọ lábẹ́ táìlì ṣí sílẹ̀ gbayawu, atẹ́gùn tútù tí a fi iná rà ń gba ibẹ̀ sá lọ.

A dí gbogbo rẹ̀. Pátákó ike ni ti iwájú ràákì, ohun bíi búrọ́ọ̀ṣì ni ti ihò wáyà. A tún ràákì tò kí iwájú máa kọjú sí iwájú, kí ẹ̀yìn máa kọjú sí ẹ̀yìn. Òru mẹ́sàn-án ni ìyẹn gbà wá, ẹ má jẹ́ n sọ ohun tójú wa rí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà la kan òrùlé àti ìlẹ̀kùn ike sí ọ̀nà tútù, àyè tí iwájú àwọn ràákì ti kọjú síra, kí òtútù àti ooru má tún pàdé mọ́.

Ìgbà yẹn la tó lè fọwọ́ kan òǹkà tó wà lára ẹ̀rọ amúlétutù. Ìwọ̀n 18 ti Celsius ló wà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ní Amẹ́ríkà, ti sọ láti 2008 pé atẹ́gùn tó ń wọ inú sáfà lè wà láàárín 18 sí 27. Mo gbé e sí 25, ìwọ̀n kan lọ́sẹ̀ kan, torí ọ̀gá mi ò sùn. A sì dín eré fáànù kù. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù: tí fáànù bá ń sá ìdá 80 péré nínú ọgọ́rùn-ún eré rẹ̀, iná tó ń jẹ á já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, PUE wa di 1.5. Nínú kílówáàtì 190 kan náà yẹn, sáfà lè jẹ 126 báyìí. Ràákì mẹ́jọ la fi kún un, a ò fọwọ́ kan tiransifọ́mà. Ìwé tí mo kọ nípa ẹ̀rọ amúlétutù méjì ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Ẹ wá sọ tiyín.

Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ kú iṣẹ́ ọ̀gá. Ìwọ̀n 25 yẹn, ṣé kò ba nǹkan kan jẹ́ ni?

Alámòójútó

Sáfà ò mọ̀ pé nǹkan kan yí padà, àbúrò. Bátìrì nìkan ni kí o ṣọ́ra fún.

Bàbá Bátìrì

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ dárúkọ bátìrì, torí èmi ò ṣọ́ra. Nígbà tí àwa náà gbé ooru yàrá sókè, a gbàgbé pé inú yàrá kan náà ni bátìrì UPS wà, ní igun tí atẹ́gùn ò ti fẹ́ dáadáa. Bátìrì olójé fẹ́ràn nǹkan bíi 25. Bí ooru bá fi ìwọ̀n mẹ́wàá lé sí i, ọjọ́ ayé rẹ̀ á já sí ìdajì. Igun yẹn ti lé ní 35, a ò sì mọ̀, torí iwájú ràákì nìkan la gbé ẹ̀rọ ìwọn ooru sí.

Ìwé sọ pé bátìrì á gbé wa fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á. Ọjọ́ tí iná lọ, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló gbé wa. Mo dúró síbẹ̀, mo ń gbọ́ bí fáànù ṣe ń panu mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn rí mọ ohun tí mo ń sọ.

Yàrá ọ̀tọ̀ ni tiwọn báyìí. A sì ń dán wọn wò lóṣooṣù pẹ̀lú ẹrù lórí wọn, kì í ṣe kéèyàn kàn wo iná aláwọ̀ ewé tó ń tàn lára UPS kó máa lọ.

Ìyá Ràákì

Àyè tí gbogbo yín ń wá, inú sáfà yín ló wà. Ẹ jókòó, ẹ ka sáfà yín.

Wọ́n ní a nílò ilé tuntun. Mo ní kí wọ́n fún mi lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Mo gbé ìwé, mo ń lọ láti ràákì dé ràákì, mo ń béèrè pé ta ló ni èyí, kí ló ń ṣe? Sáfà 140 la ní, 31 nínú wọn kò ní olówó. Ọ̀kan wà tó ń ṣí sílẹ̀ ní aago méjì òru lójoojúmọ́ láti gba ẹ̀dà fáìlì lọ́dọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ti gbé dànù lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Gbogbo òru ló ń dúró de ẹni tí ò ní wá. Ẹ má rò pé irú sáfà bẹ́ẹ̀ kì í jẹ iná o. Nígbà tí mo wọn tiwa, àwọn tó jókòó láìṣe nǹkan ń jẹ nǹkan bí ìdajì ohun tí wọn ì bá jẹ ká ní iṣẹ́ kún ọwọ́ wọn. Ooru wọn náà, ẹ̀rọ amúlétutù ló ń gbé e jáde.

A kọ́kọ́ yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lára wọn, a ò tíì pa iná, a ní ká wò ó bóyá ẹnikẹ́ni á pariwo. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó wá di ọjọ́ Ajé, kò sẹ́ni tó lè wọlé: sáfà tó ń ṣí ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì wà nínú wọn. A dá ìyẹn padà. A gbé 30 tó kù dànù.

Ọmọ Fáíbà

Ẹ̀yin ará inú yàrá tútù, ẹ jẹ́ káwa tó wà níta náà sọ̀rọ̀. Ẹ mú ilé gbòòrò bó ṣe wù yín, bí ọ̀nà tó wọ ilé bá jẹ́ ẹyọ kan, ilé òfìfo ni.

A ní ilé-iṣẹ́ méjì tó ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé àdéhùn méjì, ráótà méjì, owó méjì lóṣooṣù. Mo fi yangàn fún ọ̀gá àgbà pé bí ọ̀kan bá kú, èkejì á gbà á. Lọ́jọ́ kan, katakata ń gbẹ́ kòtò omi ní bíi kìlómítà méjì sí wa. Méjèèjì kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo rí páìpù kan ṣoṣo tó là, fáíbà (okùn dígí tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gbà) aláwọ̀ méjì yọ síta nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kejì ò ní fáíbà kankan lágbègbè yẹn. Ọ̀dọ̀ èkíní ni wọ́n ti ń yá a, wọ́n wá ń tà á fún wa. Àwa là ń sanwó ẹ̀ẹ̀mejì fún páìpù kan. Wákàtí mọ́kànlá la fi wà lókùnkùn. Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó parọ́ fún mi o. Mi ò béèrè ni. Ní báyìí, kí n tó fọwọ́ sí ìwé kankan, máàpù ibi tí fáíbà gbà ni mo kọ́kọ́ ń gbà, mo sì máa ń fi ẹsẹ̀ rìn ín.

Aṣọ̀nà

Ti Ọmọ Fáíbà bùáyà. Tèmi ò ní katakata nínú.

Ilé ìwòsàn kan gbé fáìlì àwòrán egungun àwọn aláìsàn wọn sọ́dọ̀ wa. Kìlómítà mẹ́fà ló wà láàárín wa. Wọ́n ní ó ń falẹ̀, pé nígbà tí fáìlì wà lókè òkun gan-an, bákan náà ló rí. Mo kọ́kọ́ bínú. Mo wá fi traceroute, ètò tó ń tọpa ọ̀nà tí ìsọfúnni gbà, wo ọ̀nà: mìlísẹ́kọ́ǹdì (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) 140 ni lílọ àti bíbọ̀. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan làwọn ti ń ra íntánẹ́ẹ̀tì, àwa ń rà á lọ́dọ̀ òmíràn, àwọn méjèèjì ò sì so pọ̀ níbì kankan nítòsí. Òkè òkun ni wọ́n ti ń pàdé.

Ìmọ́lẹ̀ inú fáíbà ń rin nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó jẹ́ pé kìlómítà 100, lílọ àti bíbọ̀, á gba mìlísẹ́kọ́ǹdì kan. Tó bá jẹ́ ìrìn nìkan la kà, 140 yẹn tó 14,000 kìlómítà láti lọ kí aládùúgbò! Kò sí sáfà tí mo lè rà tó máa tún ìyẹn ṣe.

Ibùdó pàṣípààrọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ti ń so wáyà wọn pọ̀ ní tààràtà, ló wo ọ̀rọ̀ náà sàn, irú èyí tí LINX ti ń ṣe ní London láti 1994, tí DE-CIX sì ń ṣe ní Frankfurt láti 1995. Ohun èlò rẹ̀ ò ju switch kan (ẹ̀rọ tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń pàdé), ràákì kan àti iná tó dúró ṣinṣin. Àwọn èèyàn ni iṣẹ́. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi ń bẹ àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n wá so wáyà wọn mọ́ ọn. Ẹni tó tóbi jù nínú wọn ní àwọn kéékèèké ló yẹ kó wá sanwó fún òun. Ẹlòmíì ní ó di ìgbà tí ẹni tó tóbi bá dé. A fi àwọn kéékèèké mẹ́ta bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí àwọn àpótí tí Google àti Netflix máa ń gbé sí itòsí àwọn tó ń wo fídíò dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ switch náà, ẹni tó tóbi fúnra rẹ̀ ló pè mí.

Ilé ìwòsàn yẹn wà ní mìlísẹ́kọ́ǹdì méjì báyìí. Wọ́n bi mí pé sáfà tuntun wo la rà.

Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ dákun, èmi náà ní kékeré kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá ìdí tí fáíbà tuntun kan fi ń pàdánù ìmọ́lẹ̀. Mo pààrọ̀ gbogbo ohun tó ṣeé pààrọ̀. Eruku ni. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ò ju máíkírónì mẹ́sàn-án lọ, tínínrín ju irun orí lọ fíìfíì, eruku kan sì ti jókòó sí i láàárín. Mo nù ún lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Mi ò tíì sọ fún ọ̀gá mi.

Ìyá Ràákì

Ó ti sọ fún gbogbo wa 😂

Bàbá Bátìrì

Alámòójútó, ooru tó ń jáde lẹ́yìn yẹn ńkọ́? Ní Odense ní Denmark, ooru dátà sẹ́ńtà Facebook ni wọ́n fi ń mú ilé àwọn èèyàn móoru.

Alámòójútó

Mo ti rò ó, bàbá. Kò sí páìpù omi gbígbóná kankan nítòsí wa tí a lè tì í sí, nítorí náà òkè òrùlé ló ń lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó kù ṣì máa sọ tiyín, ṣùgbọ́n mo ní láti sọ èyí. Nígbà tí mo ka ti Ọmọ Fáíbà tán lálẹ́ àná, mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo lọ sẹ́yìn ilé. Ilé-iṣẹ́ méjì làwa náà ní, kòtò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo ti fi ẹsẹ̀ rin méjèèjì nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ wọn. Àríwá ni ọ̀kan ti wá, gúúsù ni èkejì. Àwọn méjèèjì yí ilé ká, wọ́n wá gba ihò kan náà lára ògiri wọlé, ihò tí mo lè fi àtẹ́lẹwọ́ kan bò. Mo ti pe bíríkìlà.