Bí a ṣe pa nọ́ńbà àwọn ènìyàn tí kò yáwó lọ́wọ́ wa rẹ́

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé iṣẹ́ kan tó ń yá àwọn ènìyàn lówó kékeré lórí fóònù. Àwọn tí báńkì kì í dá lóhùn, nítorí pé wọn kò ní ohun tí wọn yóò fi dógò, ni a ń yá lówó, ó sì dá mi lójú pé iṣẹ́ rere ni. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí a ń ṣe áàpù náà, wọ́n ní kí n fi ìbéèrè kan sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pé kí oníbàárà gbà wá láyè láti wo gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀, kí a lè mọ ẹni tó ṣeé fọkàn tán. N kò béèrè bí nọ́ńbà ìyá ènìyàn ṣe lè fi hàn wá bóyá yóò san gbèsè. Ẹni tí kò bá tẹ “mo gbà” kò lè tẹ̀ síwájú, ìyẹn ni a sì ń pè ní ìyọ̀ǹda.

Kò pẹ́ tí àwọn tó ń sin oníbàárà lówó fi bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Bí ènìyàn bá fi ọjọ́ mẹ́ta pẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ yóò lọ bá àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ pé onígbèsè ni. Lọ́jọ́ kan, mo jókòó ti àwọn tó ń gba ìpè láti yẹ àṣìṣe kan wò, mo sì gbọ́ ohùn obìnrin kan. Kò pariwo rárá. Ó ní ọ̀gá òun níbi iṣẹ́ àti olùkọ́ ọmọ òun ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ òun ti san owó náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sì béèrè bóyá a lè sọ fún gbogbo wọn pé òun ti san án. A kò lè ṣe é, nítorí pé n kò kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú ètò náà.

Èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi méjì gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àwọn olùdarí lọ. Wọ́n ní gbogbo àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. A fi ìlànà tí Báńkì Àpapọ̀ Kenya gbé jáde ní 2022 hàn wọ́n, èyí tó ka irú àṣà yìí léèwọ̀ fún àwọn ayánilówó orí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n wọn kò yí ọkàn padà títí Google fi kéde pé láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2023, áàpù tó ń yáni lówó kò gbọ́dọ̀ wo nọ́ńbà tàbí àwòrán inú fóònù oníbàárà mọ́. Ì bá wù mí kó jẹ́ pé ohùn obìnrin yẹn ló yí wọn lọ́kàn padà.

Yíyọ ìbéèrè náà kúrò kò gbà ju ọjọ́ kan lọ. Ohun tó le ni àwọn nọ́ńbà tó ti wà lọ́wọ́ wa, ti àwọn ènìyàn tí kò bá wa dòwò pọ̀ rí, tí wọn kò sì mọ̀ pé orúkọ wọn wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀dà wọn wà nínú ibi ìpamọ́ wa, lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò, àti lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń bá wa gba gbèsè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a fi wá wọn kiri. Mo dábàá pé kí a kọ́kọ́ lò wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré láti tọrọ àforíjì. Agbẹjọ́rò wa kọ̀, ó ní àwọn ènìyàn náà kò yọ̀ǹda fún èyí náà, mo sì rí i pé òótọ́ ló sọ. Lẹ́tà ni a wá kọ sí àwọn oníbàárà tí ọ̀rọ̀ náà kàn, kí wọ́n lè fi han ẹni tó bá wù wọ́n.

Èmi fúnra mi ni mo pe obìnrin náà. Ó dúpẹ́ fún lẹ́tà náà, ó sì ní òun kò sí níbi iṣẹ́ yẹn mọ́.