Gbólóhùn kéékèèké ti pọ̀ jù nínú àròkọ àwọn ọmọ mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àǹtí JSS 2, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2. Mo ní kí wọ́n kọ àròkọ nípa gbajúmọ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ rí báyìí:

"Àjàyí Crowther jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Ó jẹ́ ọmọ Òṣóògùn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Ó wà lára àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá."

Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmì ohùn wọn náà kò burú, àmọ́ téèyàn bá ń kà á, bí ọkọ̀ tó ń dúró ní gbogbo bọ́sítọ́ọ̀pù ló rí. Mo kọ́ wọn ní gbólóhùn alákànpọ̀, gbogbo rẹ̀ di "ó sì jẹ́, ó sì ṣe, ó sì kú". Mo tún kọ́ wọn ní gbólóhùn oníbọ̀, "tí ó jẹ́" wá gba ojú ìwé kan. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n fi ẹni tí èèyàn náà jẹ́ ti orúkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́: "Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣóògùn, di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864." Báwo lẹ ṣe ń kọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá sí méjìlá tó fi máa yé e?

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Àǹtí wa, ẹ má tíì dárúkọ gírámà kankan sí wọn létí. Oríkì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. "Ṣàngó, ọkọ Ọya." "Mọrèmi, ìyá Olúorogbo." Kò sí "jẹ́" níbẹ̀, kò sí "tí". Orúkọ kan dúró, òmíràn dúró tì í, ẹnì kan náà ni méjèèjì ń tọ́ka sí. Ọmọ tí ìyá àgbà bá ti kí láàárọ̀ rí ti gbọ́ irú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ méjì sójú pátákó:

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ ìyá Fẹlá.
Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láti tako owó orí.

Ẹ fún ọmọ kan ní dọ́sítà. Kó nu orúkọ àti "jẹ́" kúrò nínú ti òkè, kó gbé èyí tó kù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tó wà nísàlẹ̀: "Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ìyá Fẹlá, kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láti tako owó orí." Gbólóhùn tó ní "jẹ́" tàbí "ni" ni kí wọ́n máa wá o. "Àjàyí Crowther kú ní 1891" kò ṣeé gbé tì orúkọ bẹ́ẹ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ ló ń sọ.

Bàbá Olùkọ́ (mo ti fẹ̀yìn tì)

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì dára. Ibi tí wàhálà wà ni kọ́mà. Ọmọ á fi ti àkọ́kọ́ sí, á gbàgbé ìkejì. Ẹ wò ó:

Tọ́lá, olùkọ́ wa ti dé.
Tọ́lá, olùkọ́ wa, ti dé.

Nínú ti òkè, Tọ́lá là ń pè, a fẹ́ sọ fún un pé olùkọ́ dé. Nínú ti ìsàlẹ̀, Tọ́lá fúnra rẹ̀ ni olùkọ́. Ẹ kà á sókè kí wọ́n gbọ́ ibi tí ohùn ti dúró. "Ṣadé, ọ̀rẹ́ mi, àti Kẹ́hìndé lọ sí Ọ̀yọ́" ńkọ́? Èèyàn méjì ni tàbí mẹ́ta? Kọ́mà kò lè gba èyí là, gbólóhùn onípọ̀nna ni. Ẹ ní kí wọ́n yí i padà: "Kẹ́hìndé àti Ṣadé, ọ̀rẹ́ mi, lọ sí Ọ̀yọ́."

Ẹ tún ṣọ́ èyí tí wọ́n máa yàn. Bí ọmọ bá kọ "Wọ́n kó Àjàyí Crowther, bíṣọ́ọ̀bù, lẹ́rú ní 1821", ó ti ba ìtàn jẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù kọ́ ni wọ́n kó lẹ́rú, ọmọdé bí ọmọ ọdún méjìlá ni, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì yín.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Bàbá, àwọn tèmi máa ń kọ "Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ìyá Fẹlá, ó kó àwọn obìnrin jọ." Ṣé kí n fagi lé "ó" yẹn?

Bàbá Olùkọ́

Èmi máa ń fagi lé e. Olùwà ti wà níwájú, kí ni ìkejì ń wá?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Èdè

Ẹ má bínú sà, mi ò rò pé ó yẹ ká ka èyí sí àṣìṣe lásán. Tí a bá ní "ọkọ̀ lọ", ohùn òkè kan wà tí a máa ń gbọ́ láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Kọ́mà ti wá já àárín wọn, ohùn yẹn kò ríbi fara tì mọ́, ọmọ á fi "ó" gbé e. Etí rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Nínú àròkọ ìdánwò, mo gbà pé kó yọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ má kàn fi "ló" rọ́pò rẹ̀. "Ìyá Fẹlá ló kó wọn jọ" ń sọ pé òun ni, kì í ṣe ẹlòmíràn. Bí kò bá sẹ́ni tó ń jiyàn, a ò nílò rẹ̀.

Olùkọ́ Sátidé, London

Tàwọn ọmọ tí a bí síbí tún yàtọ̀. "Fẹlá, olórin kan láti Abẹ́òkúta." Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá wọn kọ ọ́. "Kan" yẹn sọ Fẹlá di ẹni tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí! Mo máa ń ní kí wọ́n kọ "Fẹlá, olórin ọmọ Abẹ́òkúta".

Àǹtí JSS 2, Ìbàdàn

Ẹ ṣé gan-an ni. Oríkì ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀rù kan ló ń bà mí: tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n tán, ṣé wọn ò ní máa fi sí gbogbo ìlà?

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Wọ́n á fi sí i dáadáa! Ẹ ní kó má ju ẹyọ kan lọ nínú ìpínrọ̀ kan. Kí wọ́n sì máa bi ara wọn pé ta ló fẹ́ kà á. Bí ọmọ Ìbàdàn bá ń kọ̀wé sí ọmọ Ìbàdàn, tó wá kọ "Ìbàdàn, olú ìlú ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́", ta ló ń sọ fún?