Iná iwájú Mazda mi, ọ̀tún ń dìde, òsì ò dìde mọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Oní-Mazda Tanke:
Sàláámù alaykum gbogbo ilé, ẹ kú ìnáwó epo o. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní Mazda MX-5 kan, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Miata, ti 1992, oníjókòó méjì tí òrùlé ẹ̀ ń ká sẹ́yìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé iná iwájú ẹ̀ máa ń sùn sábẹ́ ìdérí ni, tẹ́ ẹ bá tan iná ló tó ń yọrí síta, tẹ́ ẹ bá pa á á tún sùn padà. Lásìkò ọyẹ́ kò sí wàhálà kankan, ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni ti ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, lákọ̀ọ́kọ́ ó kàn ń pẹ́ kó tó dìde ni, nígbà tó yá ó di pé kí n gbá a lórí kó tó dáhùn, ní báyìí kò dáhùn mọ́ rárá, ti ọ̀tún nìkan ló ń yọjú. Àwọn ọmọ àdúgbò ti sọ ọkọ̀ mi ní Olójúkan.

Riwáyà kan, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tí mo gbé e lọ bá ní òun máa gé wáyà ẹ̀, òun á fún un ní dáírẹ́ẹ̀tì, kí méjèèjì kúkú dúró sókè títí ayé, mo ní kó jọ̀ọ́ kó gbé púláyà ẹ̀ sílẹ̀ ná. Ṣé bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é nìyẹn? Ìparí oṣù yìí mo ní ìnáwó ní Òmù-Àrán, alẹ́ ni mo sì máa padà. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ọ̀fà:
Tà á kó o ra Corolla. Iná Corolla kì í sùn, kì í jí, ibi tí wọ́n gbé e sí náà ló wà 😂

Oní-Mazda Tanke:
@Ọmọ Ọ̀fà ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ, ọjọ́ tí mo bá ká òrùlé gba òpópónà Unity n'Ílọrin kọjá ẹ máa mọ̀ pé ọkọ̀ ju ọkọ̀ lọ.

Riwáyà Gaa Akanbi:
Àbúrò, o ṣe dáadáa tó ò jẹ́ kó gé e. Wàá rí i pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni dáírẹ́ẹ̀tì tó ń ṣe yẹn, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe lẹ́yìn ẹ̀ á bá wáyà tí kò mọ ibi tó ti wá mọ́. Gbọ́, ohun tó o kọ síbí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Fíùsì kan ṣoṣo ló ń fún mótò ọ̀tún àti ti òsì ní iná, bọ́tìnì kan náà ló sì ń pàṣẹ fún àwọn méjèèjì. Tí ọ̀tún bá ń dìde, fíùsì ò lẹ́bi, bọ́tìnì ò lẹ́bi, bátìrì ò lẹ́bi. Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ta fíùsì tuntun fún ẹ. Ibi tí ọ̀nà ti yà sí méjì ni kó o lọ, ìyẹn sọ́kẹ́ẹ̀tì ti òsì, wáyà bọ́dì ẹ̀ (èyí tó so ó mọ́ irin ọkọ̀), mótò ẹ̀, àti irin tó ń ti ìdérí yẹn sókè. Kò kọjá ibẹ̀.

Kó o tó ki ọwọ́ bọ ibẹ̀ o, kọ́kọ́ yọ fíùsì tí wọ́n kọ RETRACTOR sí, ti áńpù 30 ni, ó wà nínú àpótí fíùsì abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mò ń sọ ọ́ torí pé iná yẹn lè ṣàdédé fò sókè nígbà tí ìka ẹ wà láàárín irin, kì í bẹ ẹnikẹ́ni o. Lẹ́yìn náà wo ìdí mótò òsì, wàá rí rọ́bà dúdú kan tó dé nǹkan bíi kókó, ṣí rọ́bà yẹn, fi ọwọ́ yí kókó abẹ́ ẹ̀. Á pẹ́ kí iná tó dìde, wàá yí i títí ọwọ́ á fi máa ro ẹ́, bó ṣe rí nìyẹn. Tó bá le koko tí kò fẹ́ yí, irin ló há tàbí ó ti dípẹtà. Tó bá ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, irin dáa, ọ̀rọ̀ iná ni.

Tó o bá ti dá fíùsì padà, ní kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnì kí ìwọ tẹ́tí sí mótò. Tó bá ń kùn àmọ́ tí iná ò mì, jíà inú ẹ̀ ló ti jẹ. Tó bá dákẹ́ fọ́nfọ́n, iná ò dé ibẹ̀, tàbí ó dé ibẹ̀ mótò ò gbà á.

Ìyá Ìbejì Sango:
Ọmọ mi, kí ẹ tó máa sọ jíà, ojú ọ̀nà Àjàṣẹ́ yẹn ní alẹ́ ńkọ́? Olójúkan lórí ọ̀nà yẹn, tírélà tó ń bọ̀ á rò pé ọ̀kadà ni, á sì gba ojú ọ̀nà tiẹ̀ mọ́ tìẹ. Má fi alẹ́ rìn tí o ò bá tíì tún un ṣe.

Riwáyà Gaa Akanbi:
Òótọ́ lẹ sọ, mà. Àbúrò, tí o ò bá rí i ṣe kó tó di ìparí oṣù, tẹ bọ́tìnì kí ti ọ̀tún dìde, yọ fíùsì yẹn kúrò, kó o wá fi ọwọ́ yí ti òsì títí á fi dìde tán. Méjèèjì á dúró sókè, wọ́n á sì máa tàn, torí fíùsì iná tó ń mọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí ti mótò tó ń gbé e. Tó o bá délé kó o dá a padà. Dáírẹ́ẹ̀tì tèmi nìyẹn, kò sí wáyà tá a gé.

Oní-Mazda Tanke:
Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti yí kókó yẹn, ó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, iná dìde bó ṣe yẹ. Àmọ́ tí àbúrò mi bá tẹ bọ́tìnì, òsì ò kùn, ò mì, bí ẹni pé wọn ò bá a sọ̀rọ̀. Bátìrì nìkan ni mo ń wá tí mi ò rí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kí n lè fi tẹ́sítà (gílóòbù kékeré tó ń tàn tí iná bá wà) wò ó, mo padà rí i nínú búùtù!

Riwáyà Gaa Akanbi:
Bẹ́ẹ̀ ni, inú búùtù lọ́wọ́ ọ̀tún ni Mazda fi í sí nínú ọkọ̀ yẹn. Bọ́dì tó mọ́ ni kó o so ẹsẹ̀ tẹ́sítà mọ́ níwájú níbẹ̀, má fa wáyà láti búùtù wá. Yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì mótò òsì, wo ojú ẹ̀ dáadáa, tó o bá rí nǹkan aláwọ̀ ewé bíi ìdọ̀tí, òjò ló ṣe é, fọ̀ ọ́. Wá ní kí wọ́n máa tẹ bọ́tìnì, kó o máa fi tẹ́sítà tọ́ ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì wò níkọ̀ọ̀kan. Ṣe bákan náà fún ti ọ̀tún. Ọ̀tún yẹn ni ìwé tí wàá máa wò, ojú tí iná bá ti wá ní ọ̀tún, ojú yẹn náà ló gbọ́dọ̀ ti wá ní òsì. O ò nílò àwòrán wáyà kankan.

Ọmọ Ọjà Ọba:
Kí lẹ ń dààmú ara yín fún? WD-40 ni kẹ́ ẹ fọ́n sí i gbogbo ara, kó o sì ní kí wọ́n bá ẹ wo mótò tọkùnbọ̀ wá láti ọjà Ladipo l'Ékòó, ọ̀rọ̀ tán.

Riwáyà Gaa Akanbi:
@Ọmọ Ọjà Ọba WD-40 dáa fún bóòtù tó há. Kì í ṣe gíríìsì, á gbẹ lọ ni. Mótò tọkùnbọ̀ tẹ́ ẹ máa rà ńkọ́, ọjọ́ orí kan náà ni òun àti èyí tó bàjẹ́ jọ wà, ẹ máa sanwó wàhálà yín lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Ẹ jẹ́ ká tú èyí tó wà lọ́wọ́ wò ná.

Ẹ̀gbọ́n Ìgbómìnà:
Mo kàn fẹ́ sọ díẹ̀ sí i ni o. Ẹ má rò pé nǹkan ọ̀ṣọ́ nìkan ni iná tó ń sùn yìí. Ọkọ̀ Cord 810 ti 1936 ló kọ́kọ́ gbé e jáde, ọwọ́ ni dírẹ́bà fi ń yí i nígbà yẹn, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ tiẹ̀ nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, òfin Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan pé irú gílóòbù tó dí pa ni kí gbogbo ọkọ̀ lò, tó tóbi, tó sì ga sílẹ̀, ẹni tó bá wá fẹ́ kí imú ọkọ̀ òun tínrín wọlẹ̀ kó lè máa gé afẹ́fẹ́, àfi kó tọ́jú iná yẹn pamọ́. 1983 ni wọ́n tó tú òfin yẹn sílẹ̀. Corvette àti Lotus Esprit ló lò ó kẹ́yìn, 2004 ni méjèèjì dúró. Mazda tìẹ náà, èyí tó jáde ní 1998 kò ní in mọ́. Torí náà má jẹ́ kí wọ́n dì í pa, kò ní sí òmíràn. Jàre, mo fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn.

Oní-Mazda Tanke:
Bàríkà fún mi o! Tẹ́sítà tàn ní sọ́kẹ́ẹ̀tì òsì bó ṣe tàn ní ọ̀tún, ojú kan náà, bọ́dì ẹ̀ náà dáa, a wá mọ̀ pé mótò ni. Mo tú u kúrò, mo ṣí ìdérí ẹ̀, gíríìsì inú ẹ̀ ti le bíi àlàpà, abala bàbà tó ń yí pẹ̀lú jíà ti dú kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, omi ti ń wọ ibẹ̀ tipẹ́. Kí ni kí n fi fọ̀ ọ́, ṣé kí n ki í bọ pẹtiróòlù?

Riwáyà Gaa Akanbi:
Rárá o, má ki í bọ nǹkan kan. Ra kọ́ńtáàtì kílínà tó ń fọ́n, wọ́n ń tà á lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta spare ní òpópónà Táíwò, fọ́n ọn sí ojú bàbà yẹn, fi sáńpépà tó kúnná jù ha á díẹ̀díẹ̀ títí á fi pọ́n, má fi agbára ha á o, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Ẹnu irin tó ń fọwọ́ kan bàbà yẹn, fi ọwọ́ gbé e sókè díẹ̀ kó lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Gíríìsì tuntun, ara jíà ni kó o fi sí. Tó o bá wá fẹ́ pa á dé, fi gọ́ọ̀mù sílíkónì yí etí ẹ̀ ká, omi ò ní wọlé mọ́.

Oní-Mazda Tanke:
Ó DÌDE!!! Ó tiẹ̀ yá ju ti ọ̀tún lọ báyìí. Mo ti tú ti ọ̀tún náà sílẹ̀ kí n lè ṣe é kó tó bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Ohun kan ló kù, tí mo bá wọ gálọ́ọ̀pù, ti òsì ń gbọ̀n lórí, iná ń jó lójú títì.

Mẹkáníìkì Òmù-Àrán:
Bọ́ṣìn ló jẹ. Irin tó so mótò mọ́ ìdérí ní bọ́ṣìn oníláílọ́ọ̀nù kékeré lórí méjèèjì, tó bá ti fẹ̀, orí iná á máa mì. Yọ ọ́, gbé e lọ bá àwọn oní-léèdì (ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ irin), wọ́n á gbẹ́ òmíràn fún ẹ láti ara láílọ́ọ̀nù, má jẹ́ kí wọ́n fi irin gbẹ́ ẹ, á máa pariwo á sì jẹ apá irin náà. Tó o bá ti fi sí i, dúró síwájú ògiri lálẹ́ kó o tún ibi tí iná méjèèjì ń kọjú sí wò, torí ó dájú pé òsì ti sún kúrò níbi tó yẹ kó wà. Tó o bá dé ìlú wa, pè mí nínú gúrúùpù yìí, màá bá ẹ wò ó.

Alfa Okelele:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣì dúró o, tèmi yàtọ̀. Toyota Celica ni, ti ọ̀tún kì í dúró, ó ń dìde ó ń sùn, ó ń dìde ó ń sùn, mo ti pa iná, mo ti yọ kọ́kọ́rọ́, ó ṣì ń ṣe é.

Riwáyà Gaa Akanbi:
Alfa, ojú bàbà kan náà ni, òun ló yẹ kó sọ fún mótò pé ó ti dé ibi tó ń lọ, kó dúró. Àmọ́ ẹ yọ fíùsì ẹ̀ lálẹ́ yìí kó tó mu bátìrì yín tán, ọ̀la ẹ gbé e wá.