Dékódà kan, yàrá méjì: ẹ gbà mí lọ́wọ́ Màmá

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Apá Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí la wà, agbo ilé ni, sàlọ́ǹ wa wà níwájú, yàrá Màmá wà lẹ́yìn, àgbàlá ló wà láàárín, tí wáyà bá gba ara ògiri á tó mítà 18. Orúnkún ń yọ Màmá lẹ́nu, wọn ò lè máa wá jókòó ní sàlọ́ǹ mọ́, mo wá ra télé kékeré kan sí yàrá wọn (tòkunbọ̀ ni, mi ò ní parọ́). Dékódà kan la ní, àbọ́nmáǹ (owó ṣánẹ́ẹ̀lì) kan là ń san, agbára mi ò gbé méjì.

Ọmọ kan ládùúgbò tó ń kọ́ṣẹ́ iná ní kò le rárá, ó gé wáyà tó ń ti orí párábọ́lù bọ̀, ó fi T sí i, ìyẹn irin kékeré tó ń pín wáyà kan sí méjì, ó fa ọ̀kan lọ sẹ́yìn télé Màmá. Kí la rí? "Pas de signal", pé kò sí ìgbì. Ti sàlọ́ǹ tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í já, ṣánẹ́ẹ̀lì míì ò tiẹ̀ wá mọ́. Mo tún lọ ra àpótí kékeré kan lọ́jà tí wọ́n ní ó ń pín HDMI (wáyà tó ń gbé àwòrán àti ohùn láti dékódà lọ sórí télé) sí méjì, ihò mẹ́ta, mo kì gbogbo ẹ̀ bọ̀ ọ́, sàlọ́ǹ nìkan ló ń mú. Màmá ti wá ní kí n kúkú gbé dékódà wá sọ́dọ̀ àwọn, kí n máa wá bá àwọn wò ó. Ẹ ṣàánú mi, bọ́ọ̀lù ń bọ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Ẹ gbé dékódà fún wọn jàre, ta ló bí ta? 😂

Bàbá Oníwáyà:
Àbúrò, ẹ yọ T yẹn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tó ń ti párábọ́lù bọ̀ kì í ṣe àwòrán, ẹrù tí wọ́n ṣì dì ni, dékódà àti káàdì inú ẹ̀ ló ń tú u. Télé Màmá ò ní ohun tó máa fi tú u, kí lẹ fẹ́ kó fi hàn yín? Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé dékódà máa ń rán iná gba inú wáyà yẹn gòkè lọ sórí LNB, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ìgbì níwájú párábọ́lù, vọ́ọ̀tì 13 tàbí 18, ibẹ̀ ló ti ń sọ fún un irú ìgbì tó fẹ́ kó mú wá. Iná yẹn lè gba inú T wọ ẹ̀yìn télé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Àti pé T lásán ń jẹ agbára ìgbì, ìyẹn ni sàlọ́ǹ ṣe ń já.

Àpótí HDMI, ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sí ara ẹ̀. Tó bá jẹ́ IN méjì, OUT kan, switch nìyẹn, ẹ̀rọ méjì ló ń kó wá sórí télé kan. Èyí tí ẹ ń wá ni splitter, IN kan, OUT méjì, ó sì máa ń ní wáyà iná tiẹ̀. Ihò mẹ́ta làwọn méjèèjì ní, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí wa mú lọ́jà.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Yéè! INPUT 1, INPUT 2 ló wà lára ẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ṣì búra o.

Ará Kétu:
Kó tó lọ ra splitter ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Wáyà HDMI gígùn ni mo kọ́kọ́ rà, mítà 20, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó dáa, lọ́jọ́ kejì télé á dúdú, á padà, á tún dúdú, ìyàwó mi rò pé mo ti bà á jẹ́. HDMI lásán tó bá ti kọjá mítà 10 ẹ máa fura sí i. Mo jù ú sílẹ̀, mo lọ wo ẹ̀yìn dékódà, mo rí AV níbẹ̀, yẹ́lò, funfun, pupa, tí kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan sí i rí. HDMI ń lọ sí sàlọ́ǹ, AV ń lọ sí yàrá, ti dékódà tèmi ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ́kọ́ dán tiyín wò pẹ̀lú wáyà kúkurú kẹ́ ẹ tó náwó. Fún yẹ́lò mo lo irú wáyà párábọ́lù gan-an, RG6, mo fi orí AV sí i, torí àwọn wáyà AV tín-ín-rín yẹn ń ba àwòrán jẹ́ tó bá ti gùn. Àwòrán ò ní mọ́ tó ti HDMI, òótọ́ ni, àmọ́ lórí télé kékeré ta ló ń wo ìyẹn.

Tí ẹ ò bá rí ihò yẹ́lò lẹ́yìn télé Màmá ẹ má dààmú, ẹ wá ihò róbótó kan bíi ti ìgbọ́rọ̀ fóònù tí wọ́n kọ AV sí, wáyà kúkurú kan wà tó ń sọ ọ́ di mẹ́ta.

Bàbá Oníwáyà:
Ará Kétu sọ̀rọ̀ àgbà. Ẹni tó bá fẹ́ kó mọ́ dáadáa, àwọn àpótí méjì kan wà tó ń fi wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Cat6, gbé HDMI lọ, mítà 18 ò tó nǹkan lójú wọn. Àmọ́ owó ẹ̀ ju ti AV lọ, tó bá sì jẹ́ splitter, télé tí agbára ẹ̀ kéré ló sábà máa ń pàṣẹ, àwòrán sàlọ́ǹ lè já wálẹ̀ di 720, tí kò mọ́ tó bó ṣe yẹ, nítorí yàrá. Fún Màmá, AV tó.

Ọmọ Ìdírọ́kọ̀:
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ wáyà, kò sẹ́ni tó bi í nípa rìmóòtù. Ṣé Màmá á máa pariwo láti ẹ̀yìn pé kẹ́ ẹ bá àwọn yí i ni?

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, télékòmáǹdì là ń pè é níbí 😂 Mo rò pé wọ́n á máa wo tiwọn, èmi náà á máa wo tèmi. Fíìmù Yorùbá ni tiwọn, bọ́ọ̀lù ni tèmi.

Bàbá Oníwáyà:
Háà. Ìyẹn gan-an lẹ ò sọ fún wa. Dékódà kan, ṣánẹ́ẹ̀lì kan. Wáyà yòówù kẹ́ ẹ fà, ohun tó wà ní sàlọ́ǹ ló máa wà ní yàrá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, dékódà kejì ni, pẹ̀lú àbọ́nmáǹ, pẹ̀lú LNB ẹlẹ́nu méjì àti wáyà tiẹ̀ láti òkè. Ẹ má tún lọ fi T pín in o, ọ̀kan á máa bèèrè 13, èkejì á máa bèèrè 18, LNB kan ò lè dá àwọn méjèèjì lóhùn.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ẹ̀ rí i? Láti àárọ̀ mo ti sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti wáyà.

Ọmọ Ìdírọ́kọ̀:
Ojú kékeré kan wà fún rìmóòtù yẹn, wọ́n ń pè é ní IR extender. Ẹ̀ẹ́ gbé ojú ẹ̀ sí yàrá Màmá, ẹ̀ẹ́ fa wáyà ẹ̀ wá sí sàlọ́ǹ, ẹ̀ẹ́ lẹ gílóòbù kóńkó orí ẹ̀ mọ́ iwájú dékódà, torí rìmóòtù ò lè la ògiri kọjá.

Ará Kétu:
Ẹ fi páìpù bo wáyà tó bá gba àgbàlá, ẹ má dì í mọ́ wáyà iná. Àrá bá ti ń sán ẹ yọ gbogbo ẹ̀, télé méjèèjì ti di ìbejì báyìí, ohun tó bá ṣe Táíwò á dé bá Kẹ́hìndé.

Ọmọ Àjàṣẹ́ (lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún):
Ẹ kú àdúrótì o. AV ni mo ṣe, RG6, nínú páìpù, àwòrán dáa ju bí mo ṣe rò lọ. Mo ra ojú télékòmáǹdì náà, mo mú télékòmáǹdì kejì fún Màmá, inú wọn dùn, wọ́n ṣàdúrà fún mi títí. Lánàá, bọ́ọ̀lù ti wọ àádọ́rin ìṣẹ́jú, òdo sí òdo, wọ́n fún wa ní pẹnárítì, ẹni tó fẹ́ gbá a ti gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó ti sún sẹ́yìn, ni sàlọ́ǹ bá yí sí ibi tí ìyálé kan ti ń bá ìyàwó ilé jà. Mo sáré gba àgbàlá lọ sẹ́yìn, Màmá ní ṣé mo ti jẹun?