Àjíǹde ọkọ̀ kọ́, àtúnrọ ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Bristol kọ̀wé lánàá pé àwọn ń tún Volkswagen 1972 kan ṣe, irú èyí tí òyìnbó ń sùn sínú rẹ̀, tí wọ́n tún ń dáná níbẹ̀. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ dé ikùn. Wọ́n wá pe iṣẹ́ náà ní "àjíǹde ọkọ̀". Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ̀ mí létí.

Ohun tó kú ló ń jí, òun náà ló ń dìde. Ta ló rí irin tí ìpẹtà jẹ tó tún dìde? Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló ní àwọn gé irin gígùn abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì dànù, jórinjórin sì jó tuntun mọ́ ọn. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù níbẹ̀ ló fà á: omi iyọ̀ á sá wọnú irin, á jókòó síbẹ̀, á máa jẹ ẹ́ láti inú bọ̀ wá síta, ọ̀dà òde á sì máa dán. Èyí tó jẹrà ti wà lórí ààtàn. Àjíǹde wo ló kù?

Bàbá mi ṣe páńẹ́bítà ní Mushin nígbà tí dáńfó ṣì jẹ́ Volkswagen. Òòlù kékeré kan ni wọ́n fi ń kan ọkọ̀ yíká kí wọ́n tó dá owó lé e. Irin gidi á dún gbààn; ibi tí wọ́n fi pọ́tì, èyí tí a fi ń dí ihò ara ọkọ̀ kí a tó kùn ún lọ́dà, bò á dún pọ̀. Wọ́n á ní, "Irọ́ wà níbí." Alágbẹ̀dẹ ló bí wọn, nítorí náà "rọ" ni wọ́n ń pe iṣẹ́ wọn, rọ tí a fi ń rọ ọkọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mú àtúnrọ. Ohùn àárín ni o! Àtúnrọ̀ ti di ti òjò, àtúnrọ́ sì di ti ẹsẹ̀.

Ẹni tó ní àtúnṣe ti tó, ẹni tó pààrọ̀ táyà náà ṣe àtúnṣe.

"Ọkọ̀-ilé" tí Ẹ̀gbọ́n tún sọ ọkọ̀ náà ńkọ́? Tí àmì bá já lórí rẹ̀, ó di ọkọ ilé, ọ̀kan ṣoṣo ni ìyàwó wọn sì ní. Àwọn ará Brazil tó ṣe é títí di 2013 gba orúkọ rẹ̀, Kombi, lọ́wọ́ Jámánì, wọn ò bínú; àwa náà lè gbà á.

Ó ku Màmá Olùkọ́, tí wọ́n ní ìpáàrà ló tọ̀nà, kì í ṣe ìpẹtà, nítorí Mátíù 6:19. Ó wà nínú Bíbélì àtijọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Màmá, ta lẹ gbọ́ tó sọ pé ọ̀bẹ òun ní ìpáàrà? Ìyá àgbà mi kò lo èyíkéyìí nínú méjèèjì. "Ó ti dógùn-ún" ni tiwọn. Kí ẹni tó ní láti ara Ògún ni ògùn-ún ti wá sì lọ tún àmì ohùn kà. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní mo ń lu irin lójú kan. Ẹ mọ ìyókù òwe náà.

Màmá, mo ń retí èsì yín lórí ọ̀bẹ.