Mo fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ìdàgbàsókè

Ẹ̀yin ará, ẹ ti ń sọ bí ẹ ṣe fi iṣẹ́ owó sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ìdàgbàsókè, ìyẹn iṣẹ́ tó ń ran àwọn aláìní lọ́wọ́. Èmi náà fẹ́ sọ tèmi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ní ẹ̀ka tó ń pinnu ẹni tí a máa yá lówó àti ẹni tí a ò ní yá. Mo mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ṣùgbọ́n àwọn tí mo kọ̀ fún kì í kúrò lọ́kàn mi: ẹni tí òwò rẹ̀ ń lọ déédéé, àmọ́ tí kò ní ilé tàbí ilẹ̀ tó lè fi dógò.

Ìtàn Muhammad Yunus ló fún mi ní ìgboyà. Ní 1976, ní abúlé kan ní Bangladesh, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn aláìní lówó kékeré láìgba ìdógò. Iṣẹ́ yẹn ló di Grameen Bank ní 1983, òun àti báǹkì náà sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 2006. Mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, mo lọ sí àjọ kan tó ń ran àwọn ẹgbẹ́ ayánilówó kéékèèké lọ́wọ́. Owó oṣù mi já sí ìdajì. Ó dùn mí, àmọ́ ó mọ́ mi lára.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ gan-an ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta mi níbẹ̀. Mò ń kọ ìròyìn lórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan. Gbogbo wọn ló ń san owó wọn pé. Ní báǹkì, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ọ̀gá mi ka ìròyìn náà tán, ó ní, "Ṣé o bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti ń rí owó tí wọ́n fi ń san án?" Mi ò bi wọ́n. Mo bá padà lọ. Ìyá kan sọ fún mi pé ẹ̀rọ ìránṣọ òun ni òun tà. Ẹ̀rọ tí a torí rẹ̀ yá a lówó ni o! Àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ náà ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún ara wọn. Tí òun ò bá san, àwọn yòókù ni yóò san án, ìtìjú ò sì ní jẹ́ kí òun lè wo ojú wọn mọ́. Nínú ìwé tèmi, àṣeyọrí ni mo kọ síwájú orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ka ìwádìí mẹ́fà tó jáde pọ̀ ní 2015, láti Íńdíà, Mẹ́síkò, Mòrókò, Etiópíà, Mongolia àti Bosnia. Wọ́n rí i pé ẹ̀yáwó kékeré ń ṣèrànwọ́ díẹ̀ fún òwò, ṣùgbọ́n kì í sábà yí ayé aláìní padà. Kò yà mí lẹ́nu. Ìyá yẹn ṣì wà lójú mi.

Ìmọ̀ báǹkì ò ṣòfò o. Èmi ni mo mọ bí a ṣe ń wo ìgbà tí owó ń wọlé fún èèyàn àti ìgbà tí kì í wọlé. A yí ọjọ́ ìsanwó padà kó lè bá ìgbà tí ọjà ń yá mu, a sì fi ìbéèrè kan kún ìwé wa: kí lẹ tà kí ẹ tó san án?

*

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ìwé owó ni èmi ti wá. Ibi mẹ́rin tí mo ti wá iṣẹ́ ìdàgbàsókè ló kọ̀ mí, wọ́n ní mi ò tíì ṣiṣẹ́ láàárín ará ìlú rí. Mo bá lọ ṣe akápò fún àjọ kékeré kan láìgbowó. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé owó ìrànwọ́ máa ń ní ìdè lára: èyí tí wọ́n bá fún yín fún ìwé ọmọléèwé, ẹ ò gbọdọ̀ fi san owó iná. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi owó ara wọn wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, owó sì wà ní báǹkì. Mo kọ lẹ́tà sí àwọn tó fún wa lówó, mo ṣàlàyé gbogbo ìnáwó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn gbà kí a yọ díẹ̀ fún ọkọ̀ àti iná. Lẹ́tà yẹn ni mo mú lọ síbi karùn-ún tí mo ti wáṣẹ́, ibẹ̀ ni mo sì wà dòní.